Báwo ni mo ṣe lè mú kí ètò kan máa bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa dúró fúnra rẹ̀ lórí Windows?
Task Scheduler tí ó wà nínú Windows tó iṣẹ́ yìí ṣe: ẹ tẹ Create Task, kí ẹ fi aago ìbẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ Triggers, kí ẹ sì yan ètò náà ní abẹ́ Actions. Dídá a dúró ni ó gba àkíyèsí, nítorí pé Stop the task if it runs longer than, tí ó wà ní abẹ́ Settings, iye wákàtí tí ètò ti fi ṣiṣẹ́ ni ó ń kà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ètò kan, bíi Notepad, kúrò nílẹ̀ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ gééré, ẹ ṣètò iṣẹ́ kejì tí yóò pe taskkill /IM notepad.exe, àṣẹ Windows tí ó ń ti ètò pa, lákòókò náà. Ẹ má fi /F kún un láìnídìí. Tipátipá ni ó ń pa ètò, ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ yóò sì ṣòfò.