Ajá Màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ má fi í sílẹ̀ fún “gbogbo ẹbí”

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Leeds. Ẹ ní àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ṣì wà ní ọsibítù, ajá wọn mẹ́ta sì wà nínú ọgbà tí ẹnikẹ́ni ò gbójú gbóyà wọ̀. Ẹ ní àwọn àǹtí yín ń sọ pé ajá kọ́ ló kàn báyìí. Ó kàn o. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Houston ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú ní Ṣágámù. Ajá méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan ń jẹ́ Bíńgò bí ajá gbogbo ayé, èkejì ń jẹ́ Taní-mọ̀la, torí bàbá mi fẹ́ràn kí wọ́n máa fi orúkọ ajá pòwe fún aládùúgbò. Mo pe ilé, mo ní ta ló ń fún ajá lóúnjẹ. Wọ́n ní “gbogbo wa ni.” Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ta Bíńgò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó rà á. Taní-mọ̀la wà lẹ́yìn ilé lórí ìso, ṣéènì ti gé awọ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀bà tó ti gan wà nínú abọ́ tó wà níwájú rẹ̀, èèrà ti bò ó. Omi wà o, omi tó mọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ló fi jìnnà sí ibi tí ṣéènì lè dé. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ń bẹ̀rù ajá náà, ó gbé e kalẹ̀, ó sá. Kò sẹ́ni tó ṣìkà níbẹ̀. Oníkálukú rò pé ẹlòmíì ti ṣe é.

Nítorí náà, ẹ mú ẹnì kan. Orúkọ kan, nọ́ńbà fóònù kan. Ajá gbogbo ẹbí, ajá tí ò lólówó ni.

Kò pọn dandan kí ẹni náà jẹ́ ẹbí. Ẹ pe àwọn aládùúgbò, ẹ bi wọ́n pé: ta ni àwọn ajá yìí kì í gbó mọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí dára ju ìpàdé ẹbí lọ. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta gààrí níwájú géètì, ó lè jẹ́ ayálégbé, ó lè jẹ́ ọmọ tó máa ń bá Màmá pọnmi. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un bí ẹni sanwó iṣẹ́. Ẹ má pè é ní “jọ̀ọ́ bá mi wò wọ́n”, torí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lè gbàgbé, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ò ní lè sọ pé òun gbàgbé. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, owó oúnjẹ ajá lọ́tọ̀. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹja ni mo máa ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí tààrà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rí tí mo sì ń gbà kì í ṣe fọ́tò. Fídíò ni, kí n rí ajá tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sídìí abọ́. Fọ́tò oṣù tó kọjá kò ní déètì lójú.

Tòní ńkọ́, nígbà tí ọgbà wà ní títì? Kí ẹni tí wọ́n mọ̀ yẹn dúró síta géètì, kó kọ́kọ́ ti omi wọlé, kó tó kan oúnjẹ. Kó má mú igi dání. Tí ẹ bá ní ohùn Màmá lórí WhatsApp níbi tí wọ́n ti ń pe ajá wọn, tàbí níbi tí wọ́n kàn ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó máa tẹ̀ ẹ́ sí wọn létí. Ìró tí Màmá ti ró tí wọn ò tíì fọ̀, ẹ ní kí wọ́n mú ọ̀kan wá láti ọsibítù, kí wọ́n tẹ́ ẹ síbi táwọn ajá ń sùn. Imú ajá ló fi ń mọ ilé. Tí wọ́n bá ṣì ń fẹ́ bu èèyàn jẹ, ẹ pe dókítà ẹranko, òun ló lè fún wọn lóògùn tí ara wọn á fi rọ̀. Ẹ bèèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Fún ọ̀ràn tó bá le jù bẹ́ẹ̀, ọsibítù ẹranko Yunifásítì FUNAAB wà ní Alabata l'Abẹ́òkúta, ti Yunifásítì Ìbàdàn náà sì wà.

Àlùbọ́sà ò dáa fún ajá. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè ò dáa, ó máa ń fọ́ sínú ìfun. Ṣokoléètì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé náà, kí ọmọdé má jù ú sí wọn.

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ni mi ò ní fi ṣeré. Ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ajá náà, ó sábà máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ tí Màmá ń kó rìsíìtì sí. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún wọn ní tuntun, torí èrò tuntun máa pọ̀ nínú ilé yẹn láìpẹ́. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àmì àrùn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ níbẹ̀.

Ó wá kan ìwé. Tí ọkàn Màmá bá ṣì dá ṣáká, tí wọ́n sì lè sọ tinú wọn, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ìwé àṣẹ tí wọ́n máa fún yín láti ṣojú wọn, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney, wúlò nísinsìnyí tí wọ́n wà láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá jáde láyé ló kú. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ èyí. Báǹkì náà, tí wọ́n bá ti gbọ́ ikú, wọ́n á ti àkáǹtì pa títí ìwé á fi ti kóòtù jáde, ìyẹn sì lè gba oṣù púpọ̀. Ajá ò lè gbààwẹ̀ dé ìgbà yẹn. Kí owó ajá wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀, kì í ṣe ti Màmá.

Nínú ìwé ìhágún, tí àwọn èèyàn ń pè ní wíìlì, ajá ò lè jogún o. Ẹrù ni òfin kà á sí, bí àga àti mọ́tò. Ohun tí lọ́yà lè kọ ni pé ajá di ti Lágbájá, kí wọ́n sì fún Lágbájá ní iye báyìí láti fi tọ́jú rẹ̀. Kí Lágbájá má wá fọwọ́ síwèé náà bí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé ìhágún ń fẹ́, ẹni tó bá sì jẹ́rìí, òun àti ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ pàdánù ohun tí wọ́n fún wọn nínú rẹ̀. Mo ti rí ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀, lórí ilẹ̀ ni tiwọn, kì í ṣe lórí ajá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń ka wíìlì, nígbà yẹn ajá ti kú tàbí ó ti di ẹran lọ́bẹ̀ ẹlòmíì. Torí náà, ẹ kọ lẹ́tà kan lọ́tọ̀, ojú ewé kan péré: orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń jẹ, ẹni tó máa mú un, nọ́ńbà dókítà. Kí Màmá fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á sí wọn létí ní Yorùbá. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, kó má di pé ẹ̀gbọ́n kan dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé òun ló ni ajá.

Bí ọlọ́jọ́ bá dé (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ láìpẹ́), ẹ kó àwọn ajá kúrò nínú ọgbà kí wọ́n tó ta kánópì. Géètì á wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, bángà á máa dún, egungun màlúù á kún ilẹ̀, ọmọ àlejò á sì na ọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúdé Ọba mọ ohun tí ìró ìbọn ń ṣe fún ajá. Ajá àbúrò mi kan sá lọ lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Ìmọ̀wò ni wọ́n ti rí i.

Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè kó wọn wá sí Ìlú Ọba. Ẹ lè kó wọn wá, ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù yín dáadáa. Chip, ìyẹn ohun kékeré onínọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ ajá, ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ dìgbòlugi; ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n tó lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò; láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, oṣù 3 gbọ́dọ̀ pé kí ajá tó wọkọ̀ òfuurufú. Oògùn aràn kan wà tí dókítà máa fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó dé. Ìwé ìjáde ọ̀dọ̀ àwọn NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ẹranko àti ohun ọ̀gbìn wò kó tó jáde nílùú, náà ń bẹ. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, òfin tiwa yí padà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2024: ajá tí kò tíì pé oṣù 6 ò lè wọlé, Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ jù nítorí dìgbòlugi.

Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti pé ọdún 13, tí kò ríran mọ́, mi ò ní kó gbéra lọ síbì kankan. Ó mọ ọgbà yẹn lẹ́sẹẹsẹ. Tí kò bá sẹ́ni tó máa dúró tì í níbẹ̀, tí kò sì jẹun mọ́, abẹ́rẹ́ ìsinmi lọ́wọ́ dókítà, èyí tó máa jẹ́ kó kú láìjẹ̀rora, sàn ju kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ títí tí á fi kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa bínú sí èyí. Mo ti rí ọrùn Taní-mọ̀la.

Òun náà wà láàyè o, lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Màkun. Obìnrin náà ní bó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń lọ dúró sójú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, kó tó wọlé wá jẹun.

Ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tó máa ń bu èèyàn jẹ nínú wọn. Dókítà ẹranko tí mo mọ̀ máa gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ní kó dúró de ìpè yín.