Ìtumọ̀ òwe "Labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ"

Ẹnìkan tó máa ń jókòó wo labalábá àti lámilámi nínú ọgbà ìgbafẹ́ béèrè ìtumọ̀ òwe tó sọ pé "Labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ." Ó tún béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí òwe náà sọ nípa labalábá, àti bóyá a lè pa á fún lámilámi pẹ̀lú.

Ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀ ni à ń pa òwe yìí fún, ìbáà ṣe láti bá a wí tàbí láti kìlọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tó gbé òwe náà ró ni "ìṣe". Àwọn àgbà kò sọ pé labalábá kò lè fò, nítorí kò sí ẹni tí kò rí i bó ṣe ń fò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé fífò nìkan kọ́ ni ìṣe ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú òwe "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ", àmọ́ wíwò ni àdán ń wò ní tirẹ̀, kò fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni.

Ẹyẹ a máa kọ́ ìtẹ́, a máa sàba, a sì máa bọ́ ọmọ rẹ̀. Labalábá yóò yé ẹyin sára ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ìyẹ́ ẹyẹ bá já bọ́, òmíràn a hù rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n apá labalábá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìka bá kàn án, lẹ́búlẹ́bú kan yóò lẹ̀ mọ́ ìka náà. Kì í ṣe eruku, ìpẹ́ wínníwínní ni, tí wọ́n tò léra wọn bí páànù orí ilé, àwọn ló sì fún apá náà ní àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá bọ́ kì í hù mọ́, ibi tó bá sì ya kì í jiná. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn òwe kejì tó sọ pé "Bí labalábá bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fà ya." Ẹni tó kọ́kọ́ pe apá yẹn ní aṣọ ti wò ó láti itòsí, nítorí ara ló ń jiná, aṣọ kì í jiná. Labalábá tí etí apá rẹ̀ ti ya ṣì lè máa fò, àwọn tó ń ṣọ́ kòkòrò sì máa ń fi gbígbó apá náà mọ èyí tó ti pẹ́ láyé.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí òwe náà ti fi ìyà jẹ labalábá. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vanessa cardui, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n tí a fi dúdú tọ́ sí, máa ń ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Yúróòpù, ìran mélòó kan ló sì máa ń gbà kí àlọ àti àbọ̀ tó parí. Ní ọdún 2013, a rí díẹ̀ lára wọn ní etíkun French Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra, tí afẹ́fẹ́ sì ràn wọ́n lọ́wọ́ la òkun Àtìláńtíìkì já, ìrìn tó tó kìlómítà 4,200 ó kéré tán. Ìṣe ẹyẹ gan-an nìyẹn.

Ní ti lámilámi, òwe náà kò bá a mu rárá. Apá mẹ́rin tó ní, ó lè ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè dúró sójú kan nínú òfuurufú, ó lè fi ẹ̀yìn rìn, inú afẹ́fẹ́ ló sì ti ń mú ẹran rẹ̀ jẹ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe. Ìṣe tirẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀, fún ẹni tó bá gbọ́ "lá omi, lá omi" nínú rẹ̀. Ẹ wo abo rẹ̀ létí adágún: á sọ̀ kalẹ̀, á fi ìdí kan omi, á gbéra, á tún padà, ẹyin ló sì ń fi sílẹ̀ sínú omi náà bó ti ń kàn án.