Bàbá ọmọ kò sí nítòsí: ǹjẹ́ ìyá lè gba ìwé Amẹ́ríkà fún ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá ọmọ mi, èmi kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, a kò sì ṣègbéyàwó. A kò bí ọmọbìnrin wa sí Amẹ́ríkà, ó sì ti pé ọmọ ọdún 9 báyìí. Bàbá rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè wá. Àwọn kan sọ fún mi pé àfi kí bàbá wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó lè gba ìwé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ìyá Ọmọ

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kò pọn dandan kí bàbá wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ṣe é láìsí ọwọ́ rẹ̀ nínú ìwé, níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè. Àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀ ń da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ ara wọn ni: ìwé tí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà fi ń jẹ́rìí pé a bí ọmọ orílẹ̀-èdè wọn sí òkèèrè, àti páásípọ́ọ̀tù. Ohun tí wọ́n ń béèrè fún èkíní yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ̀yin fúnra yín lè kọ fọ́ọ̀mù DS-2029, kí ẹ sì mú ọmọ lọ sí ọ́fíìsì náà, bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun tí òfin ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá tí kò bá ìyá ọmọ ṣègbéyàwó ni pé kí ẹ̀rí tó dájú wà pé òun ló bí ọmọ náà, kí ó ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí a bí ọmọ náà, kí ó ṣèlérí nínú ìwé pé òun yóò máa fi owó tọ́ ọmọ títí tí yóò fi pé ọdún 18, kí ó sì gbà lábẹ́ ìbúra pé ọmọ òun ni. Fọ́ọ̀mù DS-5507 ni ó ti lè sọ gbogbo èyí. Bó bá wà ní Amẹ́ríkà, ó lè búra lé e lórí níwájú nótárì (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbúra àti ìfọwọ́sí) níbẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há jù ni iye ọdún tí bàbá ti gbé Amẹ́ríkà. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ náà fún ọdún 5, ó kéré tán, kí a tó bí ọmọ, kí ọdún 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ pé ọmọ ọdún 14. Páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tó ní kò fi èyí hàn, nítorí ènìyàn lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kí ó má tíì gbé ibẹ̀ rí. Èsì ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ ọdún sí, ìwé owó oṣù, àti ìwé iṣẹ́ ológun bó bá ṣe é, ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà, nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn ara yín lórí fóònù, ẹ tètè béèrè fún wọn. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti máa bẹ ẹni tó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Bí ọ́fíìsì náà bá ń ṣiyèméjì nípa ẹni tó bí ọmọ, wọ́n lè dámọ̀ràn àyẹ̀wò DNA. Ẹ má ṣe é ṣáájú fúnra yín, nítorí yàrá àyẹ̀wò tí àjọ AABB fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbà, lábẹ́ ìlànà tí àwọn fúnra wọn bá fún yín.

Bí bàbá bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ńkọ́? Ìdájọ́ kóòtù pé òun ni bàbá lè dípò ìbúra rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ṣì ń béèrè ìlérí owó ìtọ́jú tí a kọ sílẹ̀, àfi bó bá ti kú. Ibẹ̀ ni mo ti gbà yín níyànjú pé kí ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin náà. Ọjọ́ ń lọ, nítorí kí ọmọ tó pé ọdún 18 ni gbogbo èyí gbọ́dọ̀ wáyé, ọ́fíìsì náà kì í sì í fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ní ìwé ẹ̀rí yìí mọ́.

Ní ti páásípọ́ọ̀tù, àwọn òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Bàbá tí kò lè wá yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù DS-3053, tó fi hàn pé ó gbà kí ọmọ gba páásípọ́ọ̀tù, níwájú nótárì. Bí ẹ bá ní ìdájọ́ kóòtù pé ẹ̀yin nìkan ni ọmọ wà ní ìkáwọ́ yín, ìyẹn tó. Bí a kò bá sì rí bàbá mọ́ rárá, fọ́ọ̀mù DS-5525 wà tí ẹ ó fi ṣàlàyé, tí ọ́fíìsì náà yóò sì pinnu lórí rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé oṣù 3 péré ni DS-3053 fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí nótárì bá fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ ṣe DS-5507 báyìí, kí ó sì dúró títí ẹ ó fi ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín kí ó tó ṣe èkejì.