Ẹ wá odò kẹ́ ẹ tó wá orúkọ abúlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń wá oko bàbá bàbá yín lápá odò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tẹ́ ẹ tẹ orúkọ abúlé náà sórí Google Maps títí tí nǹkan kan ò jáde, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Abúlé Ẹ̀gbá, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó ni wọ́n sábà máa ń fi pè é. Tí àwọn ọmọ bá ti kó wọ Abẹ́òkúta tán, tí àwọn mìíràn wá ń dáko níbẹ̀, wọ́n lè sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn. Odò ni kẹ́ ẹ dì mú.

Apá ibẹ̀ ni tiwa náà wà. Kí n tó fojú kan máàpù rárá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìtókò ni mo kọ́kọ́ lọ. Mi ò bi wọ́n pé níbo ni oko wà. Mo ní: Màmá, tẹ́ ẹ bá jáde nílé láàárọ̀, odò wo lẹ kọ́kọ́ máa ń là kọjá? Èwo ló tẹ̀ lé e? Níbo lẹ ti ń sọ ẹrù kalẹ̀? Òkè wà lọ́tùn-ún àbí lósì? Wọ́n to àwọn odò náà tẹ̀ léra bí ẹni ń kì oríkì, títí kan èyí tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Máàpù tó wá ṣiṣẹ́ fún mi ni ti ilé iṣẹ́ sọ́fè ìjọba àpapọ̀, àwọn tó jáde láyé 1960 sí 1970, oníwọ̀n 1:50,000: sẹ̀ntímítà 2 lórí ìwé, kìlómítà 1 nílẹ̀. Nọ́ńbà 260 ni Abẹ́òkúta àti Ọ̀yán bọ́ sí. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ẹ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí oko ò mọ ibi tí wọ́n gé ìwé sí. Ilé abúlé á hàn bí àmì dúdú kéékèèké, ọ̀nà ẹsẹ̀ á jẹ́ ìlà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ò ní orúkọ lórí ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àkọsílẹ̀ mi ti wúlò: mo ń fi ìka tọ ọ̀nà ẹsẹ̀, mo ń ka odò tó dábùú ẹ̀, títí mo fi dé ìdí àmì dúdú mẹ́ta kan tí kò lórúkọ.

Àmọ́ ẹ rántí dáàmù tí wọ́n kọ́ sórí odò Ọ̀yán. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, omi ẹ̀ sì gba ilẹ̀ tó tó kìlómítà 40 níbùú-lóròó. Tó bá jẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì òde òní nìkan lẹ̀ ń wò, omi lẹ máa rí níbi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ wo ti Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà. Láti 1972 ló ti ń ya àwòrán ayé, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo gbé ti ìgbà tí dáàmù ò tíì sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yìn ẹ̀. Ìdajì oko wa ti wọmi. Ìdajì tó kù ṣì wà létí omi.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ń ka ipò ibi kan lórí ilẹ̀ ò dọ́gba: èyí tí wọ́n ń pè ní Minna ni máàpù àtijọ́ ń lò, WGS84 ni GPS fóònù yín ń lò. Tí wọn ò bá yí ọ̀kan sí ìkejì, ó lè yẹ̀ tó bí 100 mítà, oko ẹlòmíì sì nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí sọ́féyọ̀ bá yín yí i.

Nígbà tá a débẹ̀, pèrègún tí wọ́n fi ṣe ààlà ló jẹ́rìí. Ó tò lọ gbọọrọ láàárín ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, obì gbígbó méjì sì wà níparí ẹ̀, bí Màmá ṣe wí.

Máàpù ò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ o. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ọ̀nà márùn-ún ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ là sílẹ̀ tá a fi ń jẹ́rìí ilẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí olówó ẹ̀, pípẹ́ lórí ẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn. Fún ìtàn ìdílé, ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì Abe Prof, ìyẹn ìwé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹkùn Abẹ́òkúta. Tẹ́ ẹ bá ṣoríire, ẹ lè bá orúkọ àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà pàdé níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ilẹ̀ yẹn, ẹ mú àgbà ẹbí kan dání, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Àlejò tó bá ń fi fóònù wọn ilẹ̀ kiri láìkí ẹnikẹ́ni, ajagungbalẹ̀ ni wọ́n máa pè é.