Ní 10 Kelvin, àtẹ̀gùn yíyí j lọ́kọ̀ọ̀kan ni kó o máa kà

Àbúrò tó ń bèèrè láti Akoka, mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. O ní o ṣírò bí áyọ́ọ̀nù H₃⁺ ṣe ń yára gba molecule HCl mú, láti 300 Kelvin wá sí 10. Iye tí fọ́múlà Langevin fún ọ dúró sójú kan, ti trajectory rẹ (ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà tọ ipa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pàdé) ń ròkè, o wá ń bèèrè èyí tó yẹ kó wọ thesis.

Ní 10 Kelvin, kò sí èyí tó yẹ nínú méjèèjì.

Ìlànà Langevin ti 1905 kò ka dipole (bí apá kan molecule ṣe jẹ́ pọ́sítíìfù, tí apá kejì jẹ́ nẹ́gátíìfù) sí rárá. Agbára (energy) tó ń fa méjèèjì mọ́ra níbẹ̀ ń dín kù pẹ̀lú r⁴ (r ni àlàfo àárín wọn), ìdí nìyẹn tí òtútù tàbí ooru kò fi kàn án. Dipole HCl tó 1.08 debye, tirẹ̀ sì ń dín kù pẹ̀lú r² péré, ó ń nawọ́ jìnnà. Àmọ́ HCl ń yí. Wo ọmọ tó ń ṣe òòyì, tó na apá kan síta: bó bá ń yí kíákíá, ta ló máa rí ọwọ́ ẹ̀ dì mú? Fọ́múlà tí Su àti Chesnavich fi trajectory ṣe ní 1982 mọ ìyẹn dáadáa, mo ṣì ń lò ó fún ooru inú yàrá.

Ohun tí trajectory kò mọ̀ ni pé yíyí náà ní àtẹ̀gùn, j sì ni nọ́ńbà àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Láti j=0 dé j=1, HCl nílò agbára bíi 21 cm⁻¹. Ní 10 Kelvin, kT, ìyẹn agbára tí ooru lè fún un, kò ju bíi 7 lọ. Nítorí náà, nínú 100 HCl, bíi 87 ló wà ní j=0. Trajectory ń jẹ́ kí wọ́n yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Irọ́ ni.

Ọ̀nà tí Clary àti Troe, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì, gbà ni kó o gbà. Ní r kọ̀ọ̀kan, to matrix Stark (tó ń fi hàn bí iná áyọ́ọ̀nù ṣe ń yí àwọn àtẹ̀gùn náà padà) fún m kan (m ni ibi tí yíyí náà kọjú sí), wá àwọn eigenvalue rẹ̀, ìyẹn agbára àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, fi agbára centrifugal kún un, kó o wo ibi tí òkè ga jù. Ẹni tó bá lágbára ju òkè yẹn lọ, a ti gbà á mú. Fún j=0 lókèèrè, ńṣe ló dà bíi pé o fi μ²/3B (μ ni dipole, B ni ìwọ̀n yíyí HCl) kún polarizability, ìyẹn bó ṣe rọrùn tó fún áyọ́ọ̀nù láti fa iná inú molecule sápá kan: bíi 187 Å³ lórí 2.6 tí HCl ní tẹ́lẹ̀! Bí òtútù bá wá sún mọ́ òdo, iye j=0 á dúró síbi tó ju ti Langevin lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ti j=1, m=0 yàtọ̀, lókèèrè ó tiẹ̀ ń ti áyọ́ọ̀nù sẹ́yìn ni. Má ṣe da àwọn m pọ̀ kó o tó ṣírò, torí ní j=1 wọ́n á pa ara wọn rẹ́.

Yàtọ̀ síyẹn, ó rọrùn fún àwa ará Èkó. Ní Yaba níbí, wọ́n ti mú iná lọ lóru nígbà tí trajectory mi ń lọ lọ́wọ́, bátìrì kú, ó di òfo, owó epo jẹnẹrétọ̀ náà ò ṣeé sọ. Matrix yìí kì í pẹ́ rárá. Gbé j dé 15, lẹ́yìn náà 20, kó o rí i pé nọ́ńbà kò yí padà mọ́.

Má sọ trajectory nù o. Ní 300 Kelvin, ó yẹ kí òun àti matrix bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, kọ́kọ́ wo unit dipole rẹ: 1 debye jẹ́ 0.3934 ní atomic unit.