Ìyá, àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ní Las Vegas

*Lẹ́tà náà:* Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Wọ́n ti pé ọdún 71, èmi pé 67, a sì ti fẹ̀yìn tì. NEPA ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ nílé kí a tó wá síbí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn a lọ wo Las Vegas. Láti aago kan ọ̀sán títí di mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, 600 dọ́là sì lọ. Orí ìdúró ni mo wà, ẹsẹ̀ mi wú. Títí dòní, a ò tíì bá ara wa sọ ọ́. Ọmọ wa obìnrin ti wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa báyìí, pé ká lọ ṣe ogójì ọdún ìgbéyàwó wa níbẹ̀ lóṣù kẹfà: òru méjì, ọjọ́ kan gbáko láàárín. Orúnkún ń dun bàbá, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ṣé kí n ṣe bí ẹni pé ara mi ò yá ni? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ogójì ọdún. Ẹ má ṣe dá àìsàn pè sórí ara yín. Ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí wákàtí tí ẹ dárúkọ. Aago kan ọ̀sán ni bàbá jókòó. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú yẹn wà. Lóṣù kẹfà, ooru ọ̀sán ibẹ̀ sábà máa ń tó 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó ti ń rìn láti àárọ̀, á wọ hòtẹ́ẹ̀lì kó lè rí atẹ́gùn tútù. Ìsàlẹ̀ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá wọ̀nyẹn gbòòrò bíi pápá, ṣùgbọ́n ẹ lè rìn ín já kí ẹ má rí bẹ́ńṣì kan. Àga tó wà níbẹ̀ kò ju ti iwájú ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lọ. Ó ní tìmùtìmù, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, gíga rẹ̀ sì bá orúnkún àgbà mu. Kò sí aago lára ògiri, fèrèsé tí ẹ ó fi mọ̀ pé oòrùn ti ń yí kò sí. Ọ̀nà ilé oúnjẹ, ọ̀nà lífítì, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àárín ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ mú bàbá jókòó, owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣọ́ ọkọ yín. Ẹ ṣètò ibi tí wọ́n á máa jókòó sí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bá wọn sọ ọ́. Kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ ìrìn àjò. Ẹ má fi 600 dọ́là bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ní: “Bàbá Ìbejì, ìgbà tá a lọ níjọ́sí, ẹsẹ̀ mi wú, inú mi ò sì dùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká jọ mọ iye tá a máa fi ṣeré, ká sì jọ mọ ibi tá a máa sinmi.” Ohun tí wọ́n lè dáhùn nìyẹn láìsí pé ojú tì wọ́n. Iye tí ẹ bá fẹnu kò sí, kó jẹ́ owó tí ẹ lè pàdánù láìronú, ká ní 40 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó náà sínú àpòòwé lọ́tọ̀. Káàdì báńkì kan ṣoṣo ni kí ẹ mú jáde, kó wà lọ́wọ́ yín. Kí ìyókù wà nínú àpótí onírin inú yàrá. Owó iṣẹ́ tí ATM inú kasínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́, máa ń gbà lórí owó tí ẹ bá yọ pọ̀. Èyí tó tún burú ni pé kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí ẹ̀rọ.

Bóyá ó yà yín lẹ́nu bí 600 dọ́là ṣe parẹ́ ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ “penny” sí, ènìyàn kì í sábà fi sẹ́ńtì kan ta á. Títẹ̀ ẹ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ 50 sẹ́ńtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan di dọ́là 5. Ní wákàtí kan, 300 dọ́là ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ náà máa ń dá díẹ̀ padà, orin á máa kọ, iná á máa tàn, ènìyàn á sì tún fi èyí tó dá padà tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣeré tiwọn tán tí owó ṣì kù nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ CASH OUT sí. Ìwé pélébé ló máa yọ jáde. Wọ́n á lọ fi gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń sanwó tàbí lọ́wọ́ akápò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń dìde tí wọ́n fi owó sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá NEPA ṣiṣẹ́ ni ọkọ yín, ìyẹn ló sì jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ kí àárọ̀ yín lọ: Hoover Dam, lórí odò Colorado, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí ìlú. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 726. Ẹ̀rọ amúnáwá ńláńlá 17 ló wà níbẹ̀, 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nevada, 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arizona, àpapọ̀ agbára wọn sì lé díẹ̀ ní 2,000 mẹ́gáwáàtì. Bàbá á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí 760 ni wọ́n to ẹ̀rọ Kainji sí, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́dún 1968. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Power Plant Tour ni kí ẹ gbà. Lífítì á gbé yín sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 530 sínú àpáta, ẹ ó sì dúró lókè gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ mẹ́jọ ti tò gbọọrọ, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ bàtà yín. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ń pè ní Guided Dam Tour, nítorí ó ń gba inú ihò tóóró, kò sì bá orúnkún tó ń dunni mu. (Ọdún 1931 tí iṣẹ́ dáàmù yìí bẹ̀rẹ̀ náà ni ìjọba Nevada fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ kasínò.)

Ẹ má gba Uber lọ. Á gbé yín débẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí èyí tó máa gbé yín padà. Bí bàbá bá ṣì ń wakọ̀, ẹ háyà mọ́tò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ arìnrìn-àjò tó ń gbéni lẹ́nu hòtẹ́ẹ̀lì wà. Ẹ mú ti ìdajì ọjọ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá wíwọ ibi ẹ̀rọ iná wà nínú owó rẹ̀, torí òmíràn kàn máa ń dúró fún fọ́tò ni. Kí ẹ ti kúrò ní ìlú ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí ibòji lórí dáàmù yẹn, ẹ dé fìlà, kí oníkálukú sì mú ìgò omi méjì.

Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, kí ẹ wà nínú yàrá yín. Ẹ jẹun, ẹ sùn títí di mẹ́rin. Bí ẹ bá pa gbogbo ètò yòókù tì, ẹ má pa ìyẹn tì. Ẹni tó ti sùn kò ní wá àga kiri.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ẹ wọ táksí lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Bellagio. Ẹ máa rántí pé táksí kì í dúró gbéni lójú títì Strip, òpópónà tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tò sí. Ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni ẹ ó ti tò fún un. Ìyẹn náà sàn fún bàbá ju Uber lọ, nítorí inú ilé ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ni Uber ti sábà máa ń gbéni. Ní Bellagio, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo àjà gbọ̀ngàn àbáwọlé, níbi tí nǹkan bí 2,000 òdòdó onígíláàsì rọ̀ sí, ẹ wá kọjá sí ọgbà òdòdó tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún wọ táksí lọ sí High Roller, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 550. Bí oòrùn bá ń wọ̀ ni kí ẹ gùn ún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò fi yípo lẹ́ẹ̀kan, nínú yàrá onígíláàsì tó tutù, tó ní ìjókòó, tí kò sì ní ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Láti òkè níbẹ̀ ẹ ó rí Sphere, gbọ̀ngàn eré tó rí bíi bọ́ọ̀lù, tí iná ń tàn lára rẹ̀, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023, ẹ ò sì ní láti fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ padà síwájú adágún Bellagio. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, ìṣẹ́jú 15 síra ni omi ibẹ̀ máa ń jó tẹ̀ lé orin. Ojú títì ni wọ́n ti ń wò ó, kò sì sí àga tó tó, torí náà ẹ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ tó ń ṣí di ìjókòó fún bàbá kí ẹ tó kúrò ní Houston. Ẹ fi Fremont Street, òpópónà kasínò tó wà láàárín ìlú àtijọ́, sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì jìnnà.

Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín dúró ní hòtẹ́ẹ̀lì pé òun fẹ́ fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì eré lọ́fẹ̀ẹ́, ìpàdé títa ilé ìsinmi ni wọ́n fẹ́ kó yín lọ. Ẹ ṣàánú ara yín, ẹ kọjá lọ. Bí ọwọ́ bá ti bọ̀wé, òfin Nevada fún yín ní ọjọ́ márùn-ún láti fi lẹ́tà yí i padà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè yí ìmọ̀ràn wa padà, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè dáhùn rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta yẹn wá, ṣé bàbá ń fi ìwé báńkì pamọ́ fún yín? Ṣé wọ́n ń yáwó lọ́wọ́ ènìyàn, tàbí kí inú wọn máa bí bí ẹ bá bèèrè owó ilé? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àga àti àárẹ̀. Ẹ bẹ ọmọ yín kó pààrọ̀ ìlú, kí ẹ sì pe 1-800-GAMBLER, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, ìyàwó náà lè pè é láìdúró de ọkọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan yẹn nìkan ni, ẹ sọ fún ọmọ yín kó ra tíkẹ́ẹ̀tì Power Plant Tour sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ti aago tó bá kọ́kọ́ wà láàárọ̀.