Ibo ni kí n gbé «lo» sí nínú èdè Sípáníìṣì?

Ìbéèrè: Mo kọ «Compro lo» fún «mo ń rà á» («lo» ló dúró fún «á»), wọ́n ní kò tọ́. Mo kọ «Quiero lo comprar» fún «mo fẹ́ rà á», wọ́n tún fagi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni àyè rẹ̀?

Ìdáhùn: Yorùbá ló ń fà yín sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, arọ́pò-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe: mo rà á, mo rí i, mo jẹ ẹ́. Ní Sípáníìṣì, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yan àyè fún un, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bó bá ti yí padà láti bá olùwà mu (compro, compras, compré), iwájú rẹ̀ ni «lo» máa ń dúró: Lo compro. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ò rà á, «no» á ṣáájú méjèèjì: No lo compro. Ṣùgbọ́n bó bá wà bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ (comprar), bó bá parí sí -ando tàbí -iendo, tàbí tó jẹ́ àṣẹ, ẹ so «lo» mọ́ ọn nídìí: comprarlo, comprándolo, cómpralo. Àṣẹ «má ṣe» nìkan ni kì í gbà á sẹ́yìn: No lo compres.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tẹ̀ léra, ẹ lè sọ pé Lo quiero comprar tàbí Quiero comprarlo. Àárín méjèèjì, níbi tí ẹ gbé e sí, ni kò gbà á. Ti «he comprado» (mo ti rà) yàtọ̀: iwájú «he» nìkan ló ní, Lo he comprado.

Àmì orí cómpralo kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa. Sílébù tí ẹnu ń tẹ̀ jù ló ń fi hàn. «Com» lẹnu ń tẹ̀ nínú compra. Bí «lo» bá ti wọlé, «com» di sílébù kẹta láti ẹ̀yìn, a sì gbọ́dọ̀ sàmì sí i. Nínú comprarlo, «prar», ìkejì láti ẹ̀yìn, lẹnu ń tẹ̀, kò nílò àmì.

Me (mi), te (ọ) àti nos (wa) kò le. Lo (akọ), la (abo), àti los, las tó jẹ́ ọ̀pọ̀ wọn, ló gba àkíyèsí, torí Yorùbá kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Ẹ má fi lẹ́tà ìparí ọ̀rọ̀ dá a mọ̀: el mapa (àwòrán ilẹ̀) jẹ́ akọ, lo ni; la mano (ọwọ́) jẹ́ abo, la ni. El àti la tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ẹ ṣọ́ra fún «mo bi í». Ẹni tí ẹ bi kì í ṣe àbọ̀ tààrà ní Sípáníìṣì, «le» ló ń gbà dípò «lo»: Le pregunté. Bẹ́ ẹ bá sọ pé Lo pregunté, ohun tí ẹ béèrè ni «lo» ń tọ́ka sí. Bẹ́ ẹ bá sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀, níbi tí Yorùbá ti máa ń sọ pé «mo rí yín», Lo vi ni fún ọkùnrin, La vi fún obìnrin. Ní Sípéènì, ẹ ó máa gbọ́ Le vi fún ọkùnrin, wọ́n sì gbà á wọlé. Fún nǹkan akọ tí kì í ṣe ènìyàn, lo náà ni kí ẹ lò.